Etí Jíà àbí Ọ̀tòmátíìkì: Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Mọ̀ nípa Jíà Ọkọ̀ Òde Òní Lójú Títì Port Harcourt

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì tó ń wọ Nàìjíríà lóde òní ló ní ohun pẹlẹbẹ méjì lẹ́yìn sítíárìn, èyí tí awakọ̀ lè fi ìka fà láti yí jíà fúnra rẹ̀. Paddle shifter ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ ń pè é. Bébà yìí ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì gbé e wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fífi jíà sí D nìkan nínú ìrìnnà ojoojúmọ́ ní Port Harcourt. Èrò wa ni pé D ló yẹ jù lójú títì ìlú náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àmọ́ awakọ̀ tí kò mọ bí a ṣe ń fi jíà dá ọkọ̀ dúró yóò wà nínú ewu lọ́jọ́ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Bébà náà mú àbá wá lórí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ jíà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́.

Ìfáárà

Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE nípa eyín jíà, ọ̀kan nínú wọn nawọ́. Ó ní bàbá òun ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, pé àwọn nǹkan méjì wà lẹ́yìn sítíárìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò fọwọ́ kàn rí, nítorí mẹkáníìkì ti kìlọ̀ fún wọn pé ó ń ba ọkọ̀ jẹ́. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni. Mo dáhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Ìbéèrè yẹn ló bí bébà yìí.

Àwa tí a dàgbà díẹ̀ nínú wa, orí ọkọ̀ mánúà la ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ní 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Èkó. Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ló kún títì nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ wà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ kílọ́ọ̀ṣì, kó sì mọ ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń bẹ̀bẹ̀ fún jíà kejì. Lónìí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kò wa mánúà rí. Wọ́n mọ P, R, N àti D, wọ́n mọ iná, wọ́n mọ bíréèkì. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan ti ń bá ìrọ̀rùn náà lọ: ìmọ̀ ohun tí jíà ń ṣe gan-an.

Nínú bébà yìí, a ó máa pe paddle shifter ní etí jíà, nítorí pé ó yọ sí ọ̀tún àti òsì sítíárìn bí etí méjì.

Ohun tí jíà ń ṣe

Iṣẹ́ jíà ni láti pín agbára ẹ́ńjìnì fún táyà ní ìwọ̀n tó bá ojú ọ̀nà mu. Bí jíà kékeré tó ní eyín 10 bá ń yí jíà ńlá tó ní eyín 30, èyí kékeré gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ipá tó fi ń yí di ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń lo jíà kìíní láti gbéra, tó sì ń lo jíà òkè nígbà tó bá ti ń sáré. Ọlọ́kadà mọ èyí láìlọ ilé ìwé: ó ń fi ẹsẹ̀ sọ jíà kalẹ̀ kó tó gun òkè, ó ń gbé e sókè nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́.

Nínú ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìpinnu yìí. Ó ń wo eré ọkọ̀, ó ń wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí àti bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe wúwo tó lórí iná, lẹ́yìn náà ni yóò yan jíà. Etí jíà kò so mọ́ eyín kankan nínú àpótí jíà. Bọ́tìnnì iná mànàmáná ni. Bí awakọ̀ bá fa ti ọ̀tún, tí àmì + wà lára rẹ̀, ó ń bẹ kọ̀ǹpútà pé kó gbé jíà sókè. Bó bá fa ti òsì, tí àmì – wà lára rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ. Bí jíà tó béèrè bá máa mú kí ẹ́ńjìnì yí kọjá agbára rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní gbà.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà lo etí jíà. Èkíní ni kí jíà wà ní D kí awakọ̀ fa etí náà: ọkọ̀ yóò gba jíà tó béèrè fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò padà sí ọ̀tòmátíìkì fúnra rẹ̀. Èkejì ni kí awakọ̀ gbé jíà lọ sí M, tàbí S nínú ọkọ̀ mìíràn. Níbẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ ni yíyí jíà wà títí tí yóò fi gbé e padà sí D.

Ibi tí etí jíà ti wá

Oldsmobile ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ta ọkọ̀ tó ń yí gbogbo jíà rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún gbogbo ayé, pẹ̀lú àpótí jíà Hydra-Matic tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ ọdún 1940. Etí jíà ní tirẹ̀ wá láti orí pápá eré ìje. Ní 1989, Ferrari gbé ọkọ̀ kan jáde nínú ìdíje Formula One tí awakọ̀ rẹ̀ lè yí jíà láìgbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn, Nigel Mansell sì fi í gba ipò kìíní nínú ìje àkọ́kọ́ ọdún náà ní Brazil. Ní 1997, Ferrari fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ F355 tí ará ìlú lè rà. Láti ibẹ̀ ló ti ń tàn kálẹ̀, títí tó fi dé inú àwọn ọkọ̀ tí a ń rí lójoojúmọ́, bíi Toyota Camry SE, Acura TL, Lexus IS 250 àti Mercedes C300.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì nítorí ó sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Eléré ìje ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tí ìṣẹ́jú àáyá kan lè gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láti Rumuokoro kò bá ẹnikẹ́ni díje.

Irú àpótí jíà mẹ́ta

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí awakọ̀ tó pinnu bóyá yóò lo etí jíà, ó yẹ kó mọ irú àpótí jíà tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìwé ìlò ọkọ̀ ni yóò sọ ọ́ fún un.

Èkíní ni ọ̀tòmátíìkì tí a ti mọ̀ tipẹ́, èyí tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára láti inú ẹ́ńjìnì lọ sínú àpótí jíà. Torque converter ni ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó wà bí fáànù méjì tó dojú kọ ara wọn: bí a bá tan ọ̀kan, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò yí èkejì. Ọ́ìlì ló dúró fún afẹ́fẹ́ níbí. Irú èyí ń fara da sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ dáadáa.

Èkejì ni CVT. Kò ní jíà kìíní tàbí èkejì gidi. Bẹ́líìtì irin kan ló wà láàárín kẹ̀kẹ́ méjì tó lè fẹ̀ tàbí kó sún kì. Nígbà tí awakọ̀ bá fa etí jíà nínú ọkọ̀ CVT, kọ̀ǹpútà kàn ń mú kẹ̀kẹ́ méjèèjì dúró síbi kan tó jọ jíà ni. Irú èyí wà nínú Toyota Corolla S ti 2014.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì méjì. Ọ̀kan ń bójú tó jíà 1, 3 àti 5, èkejì ń bójú tó 2, 4 àti 6. Bí ọkọ̀ ṣe wà nínú jíà kan, èyí tó tẹ̀ lé e ti wà ní sẹpẹ́. Ó yára, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè gbóná bí ọkọ̀ bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ní irú rẹ̀ nínú gosiló, ó sàn kó jẹ́ kí àyè ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ díẹ̀, kó wá sún lẹ́ẹ̀kan, ju kó máa rá bí ìgbín lọ.

Ìdí tí D fi tó lójú títì Port Harcourt

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Port Harcourt. Yàtọ̀ sí orí afárá, kò sí òkè tí ọkọ̀ ń gùn nínú ìlú. Ohun tó ń dààmú awakọ̀ ni èrò, kòtò àti omi òjò. Ní Garrison, ní Mile 3, ní Rumuokoro, tàbí ní Eleme Junction níbi tí tírélà tó ń lọ sí èbúté Onne ti ń pàdé ọkọ̀ kékeré, a máa ń gbéra, a máa ń dúró, a tún máa ń gbéra. Nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, etí jíà kò ní ohun tó lè fi kún ìrìn. Ọkọ̀ kò ní kọjá jíà kejì tàbí ìkẹta. Bí awakọ̀ bá ń fa etí jíà sókè sódò, ó ń fi kún iṣẹ́ àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú àpótí jíà, ó sì ń mú ojú àti ọkàn ara rẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń já wọ iwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀. Láti òpin oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí bẹntiróòlù fi kúrò ní ìsàlẹ̀ 200 náírà tó fò lọ sí nǹkan bíi 500 náírà ní lítà kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, olúkúlùkù ló ń ṣọ́ epo. Pé iléeṣẹ́ ìfọpo ti wà ní Alesa-Eleme láti 1965 kò mú kó rọ̀ wá lọ́rùn. Nínú D, kọ̀ǹpútà máa ń tètè gbé jíà sókè kí ẹ́ńjìnì má baà yí ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ń lo etí jíà sábà máa ń pẹ́ nínú jíà ìsàlẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn bí ọkọ̀ ṣe ń fà. Epo ló ń jó.

Ibí yìí ló yẹ ká ti mẹ́nu ba àṣà kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀ wa: gbígbé jíà sí fúrì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ kí epo lè pẹ́. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ láyé ọkọ̀ oníkábúrétọ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, òdì kejì ló jẹ́ òótọ́. Bí jíà bá wọlé, tí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì, kọ̀ǹpútà sì lè gé epo pátápátá. Bí jíà bá wà ní fúrì, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa mu epo kó má baà kú. Awakọ̀ náà ti pàdánù epo, ó sì ti pàdánù agbára jíà láti dá ọkọ̀ dúró.

Ìgbà tí etí jíà wúlò

Mo ń ti Adó-Èkìtì lọ sí Iléṣà nígbà kan, mo sì fi jíà sí D gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe ní Port Harcourt. Nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ òkè lápá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹsẹ̀ mi kò kúrò lórí bíréèkì. Kò pẹ́ tí òórùn ohun tó ń jó fi gba inú ọkọ̀, tí bíréèkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo dúró títí ó fi tutù. Etí jíà méjì wà níwájú mi ní gbogbo àkókò yẹn. Mi ò rántí wọn.

Ìṣirò kékeré kan lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn. Bí ọkọ̀ tó wúwo tó kílógíráàmù 1,500 bá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tó ga ní mítà 100 láìjẹ́ kí eré rẹ̀ pọ̀ sí i, agbára tó gbọ́dọ̀ tú dà nù jẹ́ 1,500 × 9.8 × 100, èyí tó jẹ́ 1,470,000 joule. Ooru yẹn tó láti mú lítà omi 5 kúrò ní nǹkan bíi 30°C títí yóò fi hó. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba ara bíréèkì kọjá, bíréèkì yóò gbóná débi tí kò ní lè di ọkọ̀ mú mọ́. Bí jíà bá wà nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnì ni yóò gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, nítorí táyà ni yóò máa fi tipátipá yí i.

Nítorí náà, kí awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kó fa etí òsì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì títí ọkọ̀ yóò fi lè di eré rẹ̀ mú láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì ní gbogbo ìgbà. Bó bá nílò bíréèkì, kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kó sì tú u sílẹ̀. Ó sàn kó lo M ju D lọ níbẹ̀, kí jíà má baà padà sókè fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti Port Harcourt lọ gba Milliken Hill ní Enugu, tàbí ọ̀nà Obudu tó ní kọ́nà 22 nínú nǹkan bíi kìlómítà 11, yóò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ọkọ̀ tí kò ní etí jíà náà kò ṣaláìní ohun tó lè lò: L, 2 tàbí B tó wà lára ọ̀pá jíà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ìgbà kejì ni nígbà tí a bá fẹ́ kọjá tírélà lójú ọ̀nà East-West, láàárín Choba àti Ahoada. Bí awakọ̀ bá kàn tẹ iná mọ́lẹ̀ nínú D, ọkọ̀ yóò sọ jíà kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè lọ́ra díẹ̀. Fífa etí òsì kó tó yà síta yóò jẹ́ kí agbára ti wà nílẹ̀. Èyí kò sọ ọ̀nà tí kò mọ́ di èyí tó mọ́ o. Bí a kò bá rí iwájú, kí a má yà.

Ìgbà kẹta ni òjò. Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt ń kọjá mílímítà 2,000 lọ́dún, ẹrẹ̀ sì pọ̀ ní àdúgbò tí títì kò dé. Lórí ẹrẹ̀, gbígbéra pẹ̀lú jíà kejì, bí ọkọ̀ bá gbà á, ń dín ipá táyà kù kó má baà máa yí lórí kan. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ ṣọ́ra: sísọ jíà kalẹ̀ lójijì lórí títì tó tutù lè mú kí táyà yọ̀.

Àwọn èrò tó yẹ ká tún ṣe

Àwọn kan ní etí jíà ń ba àpótí jíà jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá lò ó níwọ̀nba, nítorí kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ọ. Ohun tó ń ba àpótí jíà jẹ́ ni ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀, pàápàá nínú CVT, ooru àpọ̀jù, àti gbígbé jíà láti R sí D nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dúró.

Àwọn mìíràn ń lò ó dípò bíréèkì nínú ìlú kí bíréèkì má baà tètè jẹ. Ṣùgbọ́n pádì bíréèkì ni wọ́n ṣe láti jẹ kí a sì pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àpótí jíà. Ohun mìíràn tó léwu níbẹ̀ ni pé bí jíà bá dín eré ọkọ̀ kù, iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ sábà kì í tàn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀. Ó yẹ kí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀ láti kìlọ̀ fún un.

Ohun tó kan àwa olùkọ́

A dábàá ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí a fi ohun tí ọmọ mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí a dorí rẹ̀ kodò nínú kíláàsì tó láti fi ṣàlàyé ìpín eyín jíà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka eyín iwájú àti tẹ̀yìn, kó fọwọ́ yí i, kó sì ka iye ìgbà tí táyà yí.

Ìkejì, kí ìṣirò omi híhó tó wà lókè yìí wọ inú ẹ̀kọ́ físíìsì àti ti ọkọ̀ pa pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fúnra rẹ̀ ṣírò ooru náà kò ní gbé jíà sí fúrì lórí òkè mọ́.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ èdè. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú rẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní kíláàsì kan ní Ìpínlẹ̀ Rivers, a lè rí ọmọ Ikwerre, Kalabari, Ogoni, Ìgbò àti Yorùbá. Kí olùkọ́ ní kí olúkúlùkù wọn sọ etí jíà lórúkọ ní èdè tirẹ̀, kó sì sọ ìdí tó fi yan orúkọ náà. Ẹni tó bá lè sọ nǹkan lórúkọ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ti mọ iṣẹ́ náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ìrìnnà ojoojúmọ́ ní Port Harcourt, kí jíà wà ní D, kí awakọ̀ fi ojú sí ọ̀nà. Bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè, bó bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ ńlá lójú ọ̀nà tó mọ́, tàbí bó bá fẹ́ gbéra lórí ẹrẹ̀, etí jíà wà níbẹ̀ fún un. Kí ó lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí ọ̀nà ti dá kó lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, torí orí òkè kọ́ ni ibi tó yẹ kí ènìyàn ti kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ìdáhùn tí mo ní fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí: etí jíà kò ba ọkọ̀ bàbá rẹ̀ jẹ́. Kí bàbá náà fi sílẹ̀ nínú ìlú. Bí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ síbi tí òkè wà, kí ọmọ náà jókòó níwájú, kó sì rán bàbá rẹ̀ létí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.